Kọ́ọ̀sì wa fi mí sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bébà aflatoxin, wọ́n ti sọ ìyá mi di oníbàárà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọElélùbọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí n kì í dá sí i, àmọ́ ti òní yìí kọjá agbára mi.

Ìlú Ọba ni mo wà, mo ń ka máásítà lórí ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Ní sáà yìí, wọ́n fún wa láyè láti mú kọ́ọ̀sì òwò kan tí kò ní ìdánwò. Yunifásítì á wá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, irú èyí tí wọn ò tíì ta nǹkan kan rí, wọ́n á wá fi akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. A ò ní fọwọ́ kan ìgò kankan nínú lábọ́ wọn. Iṣẹ́ tiwa ni ká wá ẹni tó máa ra ohun tí wọ́n ṣe, ká mọ iye tó lè san, ká sì mọ ohun tó ń lò báyìí tí kò fi tíì wá wọn. Cambridge ti ń ṣe irú ẹ̀ láti ọdún 2006, i-Teams ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀dọ̀ MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì ti wo àwòkọ́ṣe. Tiwa ò ní òkìkí tó bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pín mi sí, èèyàn mẹ́ta péré ni: ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọkùnrin tó gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì ní báńkì tó ń bá wọn wá owó kiri. Bébà pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ṣe, ó jọ èyí tí obìnrin fi ń yẹ oyún wò. Ẹ ó lọ ọkà, ẹ ó fi omi kan pò ó, ẹ ó kán an sí bébà náà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ ẹ ó mọ̀ bóyá aflatoxin wà nínú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, aflatoxin ni májèlé tí àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ń tú sínú àgbàdo, ẹ̀pà àti gbodo tí kò gbẹ dáadáa. Bí ẹ sè é, bí ẹ yan án, kò ní kúrò tán. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Orílẹ̀-èdè tí mo wà yìí gan-an ni wọ́n ti tú àṣírí rẹ̀, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní England lọ́dún 1960 nítorí ẹ̀pà lílọ̀ tó ti Brazil wá. Ní Kenya, lọ́dún 2004, èèyàn 125 ló bá àgbàdo tó ní in lọ. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ṣe yìí kì í ṣe eré.

Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn ọmọkùnrin méjì tó ti ẹ̀ka òwò wá ti kọ orúkọ kún pátákó: àwọn tó ń kó ẹ̀pà wọ Yúróòpù, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ajá àti ológbò. Oúnjẹ ológbò! N ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu pé, "Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn." Ẹ ò rí i bí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ṣe dìde lórí àga. Ó ní, "Ìyá rẹ gan-an ni oníbàárà wa!" Ó fi gègé pupa kọ ọ́ sórí pátákó. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi ti wà nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n fi ń bá àwọn olówó sọ̀rọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n mú fọ́tò rẹ̀ wá, kó wà nídìí ìsọ̀, kó rẹ́rìn-ín.

Inú mi ò dùn sí i, n ò sì lè sọ ìdí. Ọdún kejìlélógún rèé tí ìyá mi ti wà nídìí èlùbọ́. Ó máa ń mú gbodo, á fi eyín gé e, á tẹ́tí sí bó ṣe dún, á ní "èyí ò gbẹ", á dá a padà fún oníṣòwò. Ṣé ẹni tó ń fi eyín yẹ ọjà wò á fi owó ra bébà? Àbí èmi ọmọ rẹ̀ ni mò ń fojú kéré rẹ̀?

Nǹkan méjì mìíràn. A gbọ́dọ̀ bá èèyàn ọgbọ̀n sọ̀rọ̀, n ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èkejì, wọ́n fún wa ní ìwé kan pé ká fọwọ́ sí i, ó ní ohunkóhun tí a bá rò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yìí, tiwọn ni. Bàbá báńkì sì ń fi ẹ̀rín sọ pé bó bá bọ́ sí i, àwọn á nílò ẹni tó máa mójú tó Áfíríkà. Èmi nìkan ni ọmọ Áfíríkà nínú yàrá yẹn, ẹ sì mọ̀ pé èmi ló ń wò.

Tìmùtìmù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Kọ́ọ̀sì òwò tí àwa ṣe nílé, ọṣẹ olómi la pò nínú báàfù, a kó o lọ sílé, ó fọ́ ara mi. Ẹgbẹ́ kejì to ìlẹ̀kẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta dín ṣíńṣíń, àwọn ló gba máàkì jù nítorí lẹ́kíṣọ̀ jẹ níbẹ̀. Ẹ wá ń sọ pé ilé-ìwé kan ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń mú májèlé? Ó dáa bẹ́ẹ̀. N ò ní ìmọ̀ràn kankan o, mo kàn jókòó síbí láti gbọ́.

Bàbá Ìbejì Ṣíkágò

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Mo ti jókòó sórí àga tí o jókòó sí yẹn rí.

I-Corps ni tiwa ń jẹ́. Àjọ NSF ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń náwó sórí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ló dá a sílẹ̀ ní 2011, ọdún kan náà tí Steve Blank bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì Lean LaunchPad ní Stanford, inú kọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n sì ti fa tiwọn yọ. Èèyàn mẹ́ta ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni lábọ́, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ gbé òwò náà rù, àti àgbà kan tó ti mọ ojú ọjà. Èmi ni ọmọ-iṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n fún wa ní $50,000, wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ méje ká lọ bá ọgọ́rùn-ún èèyàn sọ̀rọ̀. Ọgọ́rùn-ún! Èmi tí n kì í kí aládùúgbò.

Ohun tí a ṣe ni ọ̀dà kan tí wọ́n á fi kun rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ aláìsàn lára, kí kòkòrò má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Dókítà ogún la kọ́kọ́ bá. Gbogbo wọn pátá ló ní ó dára, wọ́n ní ká ṣe kíá. Mo ti ń wá ilé tí mo máa rà. Ẹni kejìlélógójì ni obìnrin kan tó ń ra ẹrù fún ilé-ìwòsàn, ọ́fíìsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò ní fèrèsé. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí pé, "Ọ̀gbẹ́ni, èló ni rọ́bà rẹ fi wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?" Mo sọ fún un. Ó ní inú àpò tòun lowó yẹn máa ti jáde, àmọ́ owó tí rọ́bà náà máa dín kù, inú àpò ẹ̀ka mìíràn ló máa bọ́ sí, wọn ò sì ní tìtorí ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó fún mi ní kọfí, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú méjìlá péré. Mo jókòó sínú mọ́tò, n ò lè kọ́kọ́ fi í sí jíà. Àwọn dókítà ò purọ́ fún mi. Àwọn kọ́ ló ń sanwó ni.

Nípa bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀: má bi ẹnikẹ́ni pé "ṣé ẹ máa rà á?" Pàápàá, má bi Yorùbá bẹ́ẹ̀. Ìwọ ọmọ dáadáa kúnlẹ̀, o ní o ń kàwé nílùú òyìnbó, o wá béèrè bóyá wọ́n máa ra ohun tí o ń ṣe. Ta ló máa wò ọ́ lójú kó ní rárá? Wọ́n á ní "a máa rà á, ọmọ mi, Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́", ìwọ á kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sínú ìwé. Àdúrà ni wọ́n ṣe fún ọ. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí o béèrè. Ìgbà wo lọjà bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ kẹ́yìn? Báwo lẹ ṣe mọ̀? Kí lẹ ṣe sí i? Ta ló ru gbèsè ẹ̀? Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro jù.

Fọ́tò ìyá rẹ, má fún wọn.

ỌgáGéètì

Ẹ káalẹ́. Àwọn awakọ̀ ló sọ mí lórúkọ yìí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni mo wà, èmi ni mò ń yẹ àgbàdo wò kí tírélà tó wọlé. Mo ti ń lo irú bébà tí ẹ ń sọ yẹn, Neogen àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń tà á tipẹ́. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa lọ bi ọ̀jọ̀gbọ́n yín ni ohun tí tiwọn fi dára ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Aago méje àárọ̀, tírélà kan ti Sàmínákà dé, àpò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Awakọ̀ ò tíì sùn. Mo ti irin oníhò bọ inú àpò, mo fa àgbàdo jáde, mo fi ẹ̀rọ wọn omi inú rẹ̀. Bó bá ti kọjá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjà nìyẹn. Ìyẹn ò gba ìṣẹ́jú méjì. Ti aflatoxin ló lẹ́jọ́ nínú, nítorí kì í wà káàkiri. Ó lè jẹ́ ìwọ̀nba hóró díẹ̀ nínú àpò kan ló kó gbogbo májèlé náà sára, kí àpò mẹ́wàá tó yí i ká mọ́ tónítóní. Bí mo bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan níwájú, mo lè sọ pé ó dára, kí ikú wà lẹ́yìn. Mo gbọ́dọ̀ fà á níbi púpọ̀, kí n pò ó pọ̀, kí n lọ̀ ọ́ kúnná, kí n tún pò ó, kí n tó wọn díẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan nìyẹn kí bébà ìṣẹ́jú mẹ́jọ yín tó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, awakọ̀ ń tẹ fèrè. Ẹ sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá bá mi dín iṣẹ́ wákàtí kan yẹn kù, òun ni mo máa pè wọlé.

Èyí tún wà. Gbogbo wa la mọ bébà ibà àti ti oyún: ìlà méjì, ó ti wà ńbẹ̀. Ti aflatoxin yí padà. Ìlà méjì, ọjà mọ́. Bí ìlà kan bá pòórá, májèlé ti pọ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa dá tírélà tó dára padà, ó gba èyí tó burú wọlé, ó sì ń fi bébà hàn mí pé "ọ̀gá, ẹ wò ó, ìlà kan ni". A mọ̀ kí a tó lọ̀ ọ́, ọpẹ́ ni. Ìyá yín nílé, bó bá ti yẹ ibà wò fún ọmọ rí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe kà á.

Ìdí tí ọ̀gá mi fi ń sanwó ẹ̀ ni pé bí oúnjẹ wa bá ní in, adìẹ ò ní yé dáadáa, àwọn olóko adìẹ á sì gbé ẹjọ́ wá bá a ní géètì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tírélà tí mo dá padà ńkọ́? Kì í padà sí Sàmínákà. Á lọ sí ilé-iṣẹ́ kejì tí kò ní bébà. Bí wọn ò bá gbà á níbẹ̀, ọjà ló ń lọ, ó máa di ògì ẹnìkan. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn bí mo bá ń mu ògì.

Ẹ tún wo Aflasafe, ohun tí IITA, ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe ní Ìbàdàn níbí láti gbógun ti aflatoxin. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan náà ni, àmọ́ irú èyí tí kò lè ṣe májèlé, wọ́n fi kun ọkà bàbà, àgbẹ̀ á fọ́n kìlógíráàmù mẹ́wàá sórí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn á wá lé èyí tó burú kúrò. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, kí àwọn èèyàn tó lò ó, ètò kan tó ń jẹ́ AgResults ní láti máa san $18.75 nígbà kan lórí tọ́ọ̀nù àgbàdo kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń kó àgbẹ̀ jọ. Àgbàdo tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́, ojú kan náà ni wọ́n ní lọ́jà, iye kan náà sì ni wọ́n ń tà wọ́n.

Ìyá Lọ́yà

Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí ni mo bá wá. Máa kà á dáadáa, ọmọ mi.

Nílẹ̀ England, òfin Patents Act ti 1977 sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ti ọ̀gá rẹ̀ ni. Ìwọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. Tìrẹ ni ohun tí o bá hùmọ̀, àfi bí o bá fi ọwọ́ ara rẹ fún wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o má tú àṣírí wọn, fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ibi tí wọ́n bá ti ní "ohunkóhun tí o bá rò", ní kí wọ́n yí i sí ohun tó kan bébà náà nìkan. Yunifásítì ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó irú rẹ̀, lọ bá wọn kí o tó mú gègé.

Físà akẹ́kọ̀ọ́: ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni o lè fi ṣiṣẹ́ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, o ò sì gbọ́dọ̀ dá òwò tara rẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ kọ́ọ̀sì ò sí nínú ìyẹn. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá bá ti pé, tí bàbá báńkì yẹn wá ní "jọ̀ọ́, bá wa pe èèyàn kan ní Èkó", iṣẹ́ nìyẹn, kó gbà ọ́ sí i kó sì sanwó.

Ohun kan kù. Bí wọn ò bá tíì fi ìwé patent wọn, èyí tó ń dáàbò bo ohun tí wọ́n hùmọ̀, sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ ní gbangba lè ba ti Yúróòpù jẹ́ fún wọn, wọn kì í dárí jini níbẹ̀. Ìwọ náà, èyí tí o ti sọ níbí ti tó.

ỌmọElélùbọ́

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Lọ́yà, mo ti gbọ́ ma. Kò sí ohun tí mo sọ tí kò sí lójú ìwé tiwọn, àmọ́ n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti yí ìlà yẹn padà nínú ìwé tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe yá, ó jọ pé ẹni kankan ò kà á tẹ́lẹ̀.

Mo pe màmá mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo ṣe bí Bàbá Ìbejì ṣe wí, n ò bi í bóyá ó máa rà á. Mo bi í ìgbà tí gbodo bu mọ́ ọn lọ́wọ́ kẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ ní kò bu mọ́ òun lọ́wọ́ rí. Mo dákẹ́. Ẹ̀yin ará mi, ìdákẹ́ yẹn gùn o, mò ń gbọ́ tí fáànù ń yí. Ó wá sọ ti ọdún tó kọjá, lásìkò òjò, àpò mẹ́rin láti Ṣakí. Ó ní ara rẹ̀ ti ń dúdú nínú, òun fi ọ̀bẹ há a, òun tún un sá.

Mo ní, "Ẹ sì tà á, mà?"

Ó ní, "Ṣé kí n dà á nù ni? Owó ta ni?"

Mo wá ṣàlàyé bébà náà fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bí mo bá kán omi yẹn, tó ní májèlé wà níbẹ̀, ẹni tó tà á fún mi ti padà sí Ṣakí. Ṣé òyìnbó rẹ máa san án fún mi? Mo ti wá mọ̀ báyìí, n ò lè sọ pé n ò mọ̀ mọ́. O fẹ́ kí n fi owó mi ra ẹjọ́." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní kí n má tún bi òun léèrè mọ́, ó pa fóònù.

N ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èlùbọ́ yẹn ló fi rán mi níwèé, èmi náà sì jẹ nínú rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo rí ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò dárúkọ ọ̀rọ̀ àná rárá. Ó ní obìnrin kan wà tó ń ra àpò ogún lọ́wọ́ òun, tó ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, tó ń kó o lọ sí London. Ó ní òun ni kí n lọ bá, nítorí pé bí wọ́n bá dá ẹrù rẹ̀ dúró ní etí omi, gbogbo kọ̀ǹténà ló máa ṣòfò. Ó ní, "Ìyẹn ní ohun tó ń bà á lẹ́rù." Ó tún ní ọ̀nà tí gbodo fi ń burú ni pé etí títì ni wọ́n ń sá a sí, òjò á dé, wọ́n á kó o bo ara wọn nígbà tó ṣì tutù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ní kí n máa jẹun.

Mo lọ sí ìpàdé pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo. Mo ní kí wọ́n yọ ìyá mi kúrò nínú àwòrán wọn, mo sì sọ ìdí: ẹni tí ìdánwò yìí máa jẹ́ kó pàdánù ọjà ni wọ́n ń pè ní oníbàárà. Àwọn ọmọ ẹ̀ka òwò wò mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn dákẹ́, ó ní kí n tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ tírélà àti ìlà tó ń pòórá, ọmọkùnrin tó gba oyè ọ̀mọ̀wé yẹn di orí mú. Ó ní láti ọdún mẹ́ta tí òun ti ń ṣe bébà yìí, ẹ̀pà tí àwọn ti lọ̀ kúnná tẹ́lẹ̀ ni àwọn fi ń dán an wò. Kò tíì fọwọ́ kan àpò rí.

A ti pín èèyàn ọgbọ̀n náà báyìí. Àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìẹ mẹ́jọ, àwọn tó ń kó oúnjẹ ilé wá sí Ìlú Ọba mẹ́wàá (mo ti bá mẹ́ta sọ̀rọ̀ ní Peckham ní London, ọ̀kan lé mi), ìyókù á wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olówó ẹ̀pà tí àwọn ọmọkùnrin yẹn mọ̀. Oúnjẹ ológbò ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kọ̀ láti yọ ọ́.

ỌgáGéètì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè gbà wá láyè ká fi fídíò wò yín ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan? Ọmọkùnrin yẹn fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń pò ó.

ỌgáGéètì

Màá bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ máa ń pọ̀ jù, ẹ pè ní aago méje ti ibí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi bébà wọn ránṣẹ́ kí n dán an wò, ẹ ní kí wọ́n má fi í sínú páálí funfun tí wọ́n fẹ́ràn yẹn. Eruku àgbàdo ni gbogbo ọwọ́ wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ó ti di pupa.